Bí ẹ bá fẹ́ ta oúnjẹ ní ọjà mámì bárékè

Ẹni tó ń ta oúnjẹ ní Ọjà-Ọba tàbí ní Ìpàtà ní Ìlọrin mọ̀ pé bí oníbàárà kan ò bá wá lónìí, òmíràn á yà. Ọjà inú bárékè ò rí bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ṣọ́jà tó ń jẹun lọ́dọ̀ yín lè gba àṣẹ lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti wà lójú ọ̀nà Màìdúgúrì. Nítorí náà, ìwé àwìn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra ìkòkò.

Ilẹ̀ bárékè, ti ìjọba ni. Ẹni tó ń lo ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ó kàn ń lò ó ni, kì í ṣe tirẹ̀. Jàǹbá tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn sanwó ọdún kan fún ṣọ́jà tó ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó òun ni, kí wọ́n wá gbé ọkọ lọ sí ìlú mìíràn lóṣù kejì, kí ẹlòmíràn sì dé pé òun ni wọ́n fi síbẹ̀. Ẹ gba ẹnu géètì wọlé pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀, ẹ béèrè alága ọjà, ẹ kí Magajíyà tó jẹ́ olórí àwọn ìyàwó ṣọ́jà, kí ẹ sì mọ̀ bóyá ọ́fíìsì RSM, ìyẹn ọ̀gá àwọn sájẹ́ǹtì, ti gbọ́ sí i. Owó yòówù tí ẹ bá san, ẹ gba rìsíìtì tó ní ọjọ́ nínú. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé síbẹ̀. Pákó àti páànù tí káfíńtà lè tú láàárín ọjọ́ kan ló dára, torí àṣẹ pé kí ẹ kúrò lè dé láìròtẹ́lẹ̀.

Ní Bárékè Sóbí, níbi tí Bìrìgéèdì 22 wà, onírúurú ẹ̀yà ló ń jẹun: Haúsá, Tífù, Ígbò, Núpé, Yorùbá. Tó bá jẹ́ àmàlà nìkan lẹ ń rò, ìdajì ọjà á kọjá iwájú yín. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni gbogbo wọn gbà. Kóńgò ìrẹsì kan tó ìwọ̀n kílò kan àbọ̀. Bí ṣíbí yín ò bá lawọ́ jù, abọ́ méjìlá sí mẹ́rìnlá ni yóò fún yín. Ẹ fi kóńgò mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, ìyẹn bí àádọ́ta abọ́, pẹ̀lú kóńgò ẹ̀wà méjì. Ẹran tútù máa ń súnkì tó ìdá mẹ́ta bó bá jinná, nítorí náà bí ẹ bá ra kílò mẹ́ta, ẹ máa pín in bíi kílò méjì. Èyí ni aṣírí tí ọ̀pọ̀ ò ṣírò, tí èrè wọn fi ń bá èéfín lọ.

Wàrà ni ẹ̀bùn Ìlọrin, kò sì yẹ kí ẹ ṣí ìsọ̀ láìní in. Ẹ rà á láàárọ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: tó bá padà bọ̀ sípò tí kò sì yọ̀, ó dára, tó bá ń rùn kíkan, ẹ fi sílẹ̀. Ewé bòmubòmu ni wọ́n fi mú kí mílíìkì rẹ̀ dì, omi rẹ̀ sì ni kí ẹ jẹ́ kó wà títí ẹ ó fi dé ìsọ̀. Ẹ sè é pẹ̀lú iyọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ bá ti dé, torí oòrùn ọ̀sán á kan án. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sórí ajọ̀ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dín in. Èyí tó bá ṣì ń kán omi ni í tú epo gbígbóná sí apá. Ẹ má jù ú sínú ọbẹ̀ títí ọbẹ̀ á fi ku díẹ̀ kó jinná. Wàrà kì í yọ́, ṣùgbọ́n á fa epo mu, á sì le.

Agogo bárékè ni kí ẹ máa tẹ̀lé. Àwọn ṣọ́jà ti sáré ìdájí, wọ́n á sì dé pẹ̀lú ebi. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ jinná kó tó di aago méje. Bó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí fèrè dún láti sọ àsíá kalẹ̀, gbogbo ènìyàn dúró gbọnyin, alásè pẹ̀lú. Ẹ dín iná kù ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú. Ìkòkò ọbẹ̀ tó ń hó kò mọ̀ pé fèrè ń dún.

Ó wá kan àwìn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ṣọ́jà á ní, "Ìyá Sèídù, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀." Ìdáhùn tó yẹ ni, "Ọ̀gá mi, mẹ́ta ti wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká yọ méjì ná." Ẹ fi ààlà sí i: abọ́ mẹ́ta fún ẹnì kan, kí gbogbo àwìn lápapọ̀ má sì kọjá ìdá mẹ́rin èrè oṣù. Ẹni tó ń jèrè ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà lóṣù, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òpin rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ tó wà láyà aṣọ, ọjọ́, oúnjẹ, iye, kí ẹni náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àmì sí i. Ẹ má kọ ibi tí wọ́n ń rán an lọ, ẹ má sì béèrè. Ìwé ọlọ́jà kì í ṣe ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sùn.

Ṣùgbọ́n ọjà fúnra rẹ̀ máa ń sọ. Bí àwọn ṣọ́jà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra gàrí, ṣúgà, mílíìkì, ẹ̀pà àti kúlíkúlí ní ọ̀pọ̀, wọ́n ń múra àtilọ nìyẹn: ẹ gba owó àwìn yín lọ́jọ́ náà, ẹ sì dín ìrẹsì ọ̀la kù sí ìdajì. Ẹ di gàrí sí ọ̀rá kílò kan kan. Èrè rẹ̀ lè bo abọ́ tó máa kù.

Ìlú tó ń jẹ lára ṣọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí níbi gbogbo. Aldershot ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ abúlé tí kò tó ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní 1851. Wọ́n kó ológun dé ní 1854, nígbà tó di 1861 ó ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún. Ní Bamberg ní Jámánì, ológun Amẹ́ríkà palẹ̀ mọ́ ní 2014, ó sì di dandan kí ọlọ́jà wá oníbàárà mìíràn. Kí a tiẹ̀ má lọ jìnnà, Jẹ́bà náà wà níbí: olú ìlú Àríwá ni wọ́n fi í ṣe ní 1900, ọdún 1902 ni ìjọba kó lọ sí Zungeru. Ìlọrin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá jagunjagun gbé, oyè Balógun ni wọ́n ń jẹ ní àdúgbò Àjíkòbí, Alánamú, Gàmbàrí àti Fúlàní títí dòní, ṣùgbọ́n ìlú náà ní ọjà mìíràn. Kí ẹ̀yin náà ní in: ó kéré tán, ìdá mẹ́ta oúnjẹ yín ni kó lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, olùkọ́ àti oníkẹ̀kẹ́ tó wà lóde géètì. Àwọn ìyàwó ṣọ́jà tó kù nílé náà ṣì ń rà, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, kóńgò kan lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹni tó jẹ yín lówó bá fẹ́ fi bàtà, bẹ́líìtì tàbí aṣọ ogun ṣe ìdógò, ẹ kọ̀. Òfin kò gba aráàlú láàyè láti wọ aṣọ ogun. Tí wọ́n bá bá a nínú ìsọ̀ yín, ẹ̀yin ni wọ́n á bi, kì í ṣe òun. Kó kúkú fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ títí dé ìparí oṣù.