Ẹni tó kéré jù nínú ikọ̀ sọ́là ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀

Ọ̀gá tó ń to sọ́là láti Kàbà dé Ìsánlú lè mọ iṣẹ́ bí ẹní mowó, kí ẹrù oníbàárà sì máa jóná lọ́wọ́ ikọ̀ rẹ̀. Ohun tó sábà ń fà á ni pé ọmọ iṣẹ́ rí àṣìṣe, ó sì panu mọ́.

Ẹ wo páànẹ̀lì mẹ́fà. Wọ́n kọ Voc (fóòtì páànẹ̀lì nígbà tí wọn kò tíì so ó mọ́ nǹkan kan) 49.5V sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sì fẹ́ so wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta tẹ̀léra: 148.5V. Charge controller yín, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páànẹ̀lì lọ sí bátìrì, kò gbọdọ̀ rí ju 150V lọ. Lójú ọ̀gá, ó ti wọlé. Ṣùgbọ́n ìgbóná 25°C ni wọ́n fi wọn nọ́ńbà yẹn, bí páànẹ̀lì bá sì ṣe ń tutù ni fóòtì rẹ̀ ń gòkè. Tó bá ń fi 0.27% gòkè fún dígíìrì kan, ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tí páànẹ̀lì wà ní 15°C, ó ti di nǹkan bíi 152.5V. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe lóṣù kẹrin, oṣù kejìlá ló máa jó. Ẹ so wọ́n ní méjì-méjì, ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ fi fíúùsì sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, kẹ́nikẹ́ni tó gun òrùlé, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta sára páálí: àpapọ̀ fóòtì páànẹ̀lì, òpin charge controller, fóòtì bátìrì. Kí ẹni tó kéré jù kà á, kó sọ ohun tó lè jóná. Ọ̀gá ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, torí tó bá ti sọ tẹnu rẹ̀, “Ó dáa, sà” ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn. Ẹ má bi wọ́n pé “Ṣé ó yé yín?” rárá; ta ló máa sọ pé kò yé òun?

Tí onílé bá ń kánjú pé iná gbọ́dọ̀ tàn kílẹ̀ tó ṣú, ọ̀gá ni kó lọ dá a lóhùn nísàlẹ̀.

Nídìí bréékà, ohùn ẹnì kan ṣoṣo ló ń pàṣẹ. Bátìrì ló ń kọ́kọ́ wọ charge controller, páànẹ̀lì ló tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá ń tú u, páànẹ̀lì ló ń kọ́kọ́ jáde.

Ẹ má gé owó ọmọ iṣẹ́ tó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe. Ìgbà tí ẹ bá gé e lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi páànẹ̀lì tó sán pamọ́ sáàárín àwọn tó kù. Orí MC4, ìyẹn ike tí wọ́n fi ń so wáyà páànẹ̀lì pọ̀, ni kí ẹ ti máa yẹ iṣẹ́ wọn wò: ẹni tó fi páńsà tẹ̀ ẹ́ kọ́ ni kó dán an wò. Kí ẹlòmíì di wáyà mú, kó fà á gidi. Èyí tó bá yọ jáde, ẹ gé e, ẹ tún un tẹ̀ kó tó gòkè, torí tí kò bá dì mọ́ra, á máa gbóná títí rọ́bà rẹ̀ á fi yọ́.