Ohun Tó Ń Kọjá Ẹnubodè: Bí Mo Ṣe Kọ Ìwé Kan Lórí Àjọṣe Àwọn Ilẹ̀ Olókè

Wọ́n ní kí n kọ ìwé kékeré kan fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àyíká. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ pín òkè ńlá kan ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà, àti iṣẹ́ tí igbó, koríko àti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lè ṣe níbẹ̀. Mo ti parí ìwé náà, wọ́n sì ti ń kà á. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe é, torí pé ẹni tó bá dáwọ́ lé irú iṣẹ́ yìí yóò bá ìwé rẹpẹtẹ pàdé, ọ̀rọ̀ dídùn ló sì kún inú ọ̀pọ̀ wọn.

Kí n tó ka ohunkóhun, mo wá ìbéèrè kan tí n óò máa bi gbogbo àdéhùn. Bó bá jẹ́ pé mo béèrè bóyá àwọn orílẹ̀-èdè náà ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kò sí èyí tí kò ní dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè tí mo mú ni: kí ló ń kọjá ẹnubodè gan-an? Ṣé ìròyìn nípa bí odò ṣe kún tó ni? Ṣé owó ni? Ṣé òṣìṣẹ́ ni? Àbí ìwé tí àwọn mínísítà fọwọ́ sí nìkan ni? Mo fa ìlà sórí bébà, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, mo sì pinnu pé ibi tí n kò bá ti rí ẹ̀rí, òfìfo ni n óò fi í sílẹ̀.

Àwòrán ilẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Mo ya òkè àti odò nìkan lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá fa ààlà orílẹ̀-èdè lé wọn lórí. Mo gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀, torí kíá ni yóò rí ẹni tó wà lókè àti ẹni tí omi ń ṣàn bọ̀ wá bá. Òkè Hindu Kush àti Himalaya gùn tó 3,500 kìlómítà, ó sì kan orílẹ̀-èdè mẹ́jọ: Afghanistan, Bangladesh, Bhutan, Íńdíà, Myanmar, Nepal, Pakistan àti Ṣáínà. Nǹkan bí 240 mílíọ̀nù èèyàn ló ń gbé lórí òkè náà. Àmọ́ àwọn tó gbójú lé odò ńlá mẹ́wàá tó ń ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan àbọ̀. Odò Brahmaputra bẹ̀rẹ̀ ní Tibet tó wà ní Ṣáínà, ó gba Íńdíà kọjá, ó sì wọ Bangladesh kó tó dé òkun. Àgbẹ̀ tó wà létí òkun yẹn lè má fojú kan yìnyín òkè láyé rẹ̀, síbẹ̀ ohun tó bá ṣe yìnyín náà yóò kàn án.

Ohun tó sì ń ṣe é kò dára. Àjọ ICIMOD, tó jẹ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ yìí, gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2019. Wọ́n ní bí ayé bá tilẹ̀ dá ooru tó ń pọ̀ sí i dúró sí ìwọ̀n 1.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius ju ti ayé àtijọ́ kí iléeṣẹ́ ńlá tó pọ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta yìnyín ibẹ̀ yóò ti yọ́ tán kí ọ̀rúndún yìí tó parí. Nígbà tó di 2023, wọ́n tún sọ pé láàárín ọdún 2011 sí 2020, yìnyín náà yọ́ yára ju ti ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú lọ ní ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́ náà pé ewu méjì ló wà níbẹ̀, wọn kì í sì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Omi á kọ́kọ́ pọ̀ jù. Nígbà tí yìnyín bá wá kù díẹ̀, omi ìgbà ẹ̀rùn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá jókòó ti àwọn àdéhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè Alps ní Yúróòpù, torí pé ti ibẹ̀ jẹ́ òfin. Wọ́n fọwọ́ sí i ní ìlú Salzburg lọ́dún 1991, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìlú Innsbruck sì ni ọ́fíìsì wọn wà. Ìwé àfikún wà fún igbó orí òkè, fún ilẹ̀, fún ètò ìrìnnà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Switzerland, tí òkè náà gba apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀, fọwọ́ sí àdéhùn ńlá, ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin rẹ̀ kò fàṣẹ sí àwọn ìwé àfikún náà. Òkè Carpathia, tí òun náà wà ní Yúróòpù, tẹ̀ lé wọn lọ́dún 2003 ní ìlú Kyiv, orílẹ̀-èdè méje. Ní òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn orílẹ̀-èdè méje dá àjọṣe tiwọn sílẹ̀ ní 2007, láìsí òfin tó de ẹnikẹ́ni. Ní Himalaya, ICIMOD ti wà ní Nepal láti 1983, iṣẹ́ ìmọ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀, kò láṣẹ láti fipá mú ìjọba kankan ṣe ohunkóhun. Lọ́dún 2020 àwọn mínísítà orílẹ̀-èdè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fọwọ́ sí ìpinnu kan láti jọ ṣiṣẹ́.

Mo ti rò pé ibi tí òfin bá ti le jù ni nǹkan yóò ti máa kọjá ẹnubodè jù. Ìwé olójú mẹ́rin mi kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, orí ìkìlọ̀ omi ni mo sì ti rí i. Ibẹ̀ ni mo pẹ́ sí jù lọ.

Bí yìnyín ṣe ń yọ́, omi ń gbára jọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń di adágún. Ohun tó dá adágún náà dúró kò ju òkìtì òkúta àti yẹ̀pẹ̀ tí yìnyín fúnra rẹ̀ ti kó jọ láyé àtijọ́. Lọ́jọ́ tí òkìtì náà bá já, omi á rọ́ lu àfonífojì, á gbé àpáta, ilé àti afárá lọ. Ní July 1981, adágún Cirenmaco ya ní Tibet, ó sì wó afárá tó so Ṣáínà pọ̀ mọ́ Nepal. Ní July 2025, omi tún ti Tibet ya wọ Nepal, lórí odò mìíràn, ó sì gbé afárá tó wà ní Rasuwagadhi lọ. Láàárín méjèèjì, ní October 2023, adágún South Lhonak ya ní Sikkim, ìpínlẹ̀ kan ní Íńdíà, ó sì wó ìdídò tó ń pèsè iná ní Chungthang. Àfonífojì tó gba orílẹ̀-èdè méjì kọjá kò fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ láyè láti máa retí lẹ́tà ìjọba. Wákàtí díẹ̀ ló ní, nígbà míì ìṣẹ́jú ni.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ odò Ratu fi wọ̀ mí lọ́kàn. Odò kékeré ni, ó ń ṣàn láti Nepal wọ ìpínlẹ̀ Bihar ní Íńdíà. ICIMOD àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ sí etí odò náà lápá òkè. Bí omi bá ga dé ibi tó léwu, ẹ̀rọ á ké ní ilé ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, onítọ̀hún á sì fi fóònù pe àwọn tó wà nísàlẹ̀, títí kan àwọn tó wà ní òdìkejì ẹnubodè. Àwọn yẹn á ta ará àdúgbò lólobó, wọ́n á kó àgbà, ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kúrò. Kò sí mínísítà kankan láàárín ẹni tó ń pè àti ẹni tó ń gbé e. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ìpè fóònù yẹn lohun tó lágbára jù nínú gbogbo ohun tí mo kà, mo sì dúró lórí ọ̀rọ̀ náà.

Mo fi odò ńlá wé e. Lọ́dún 2002 ni Ṣáínà àti Íńdíà ṣe àdéhùn pé Ṣáínà yóò máa fi ìròyìn nípa odò Brahmaputra ránṣẹ́ lásìkò òjò, àdéhùn náà sì parí lọ́dún 2023. Lọ́dún 2017, nígbà tí ọmọ ogun àwọn méjèèjì dojú kọra ní Doklam, nítòsí ẹnubodè wọn, ìròyìn náà kò wá. Ṣáínà ní ńṣe ni òun ń tún ibùdó tí wọ́n ti ń wọn omi ṣe. Ohun yòówù kó fà á, ará ìsàlẹ̀ kò rí ìròyìn gbà lásìkò òjò. Nínú ìwé mi, mo ní kí àwọn ọ̀dọ́ náà jíròrò lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín odò méjèèjì, mi ò sì fún wọn ní ìdáhùn.

Apá kejì iṣẹ́ mi ni ti igbó àti ilẹ̀. Ariwo pọ̀ níbí, torí pé ẹnikẹ́ni tó bá gbin igi díẹ̀ lè sọ pé òun ti lo agbára ìṣẹ̀dá láti kojú ewu. Mo lo ìlànà tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ìṣẹ̀dá, gbé jáde ní 2020, òṣùwọ̀n mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, mo sì fi dá àpẹẹrẹ wò níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ṣe àwọn ará ibẹ̀ láǹfààní, tàbí tó bá ba ẹ̀dá mìíràn jẹ́, mo yọ ọ́ kúrò. Igi páìnì tí wọ́n gbìn sórí páramo ní Andes wà lára èyí tí mo yọ. Páramo ni pápá koríko tútù tó wà lókè níbi tí igbó ti parí. Ilẹ̀ rẹ̀ ń fa omi mu bíi kàn-ìn-kàn-ìn, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Páìnì gbẹ ilẹ̀ náà, omi odò sì dín kù. Igi gbígbìn lè jẹ́ àṣìṣe ńlá, ó sì yẹ ká máa sọ ọ́ jáde.

Àwọn tí mo fi sínú ìwé náà dùn mọ́ mi. Ní Switzerland, nǹkan bí ìdajì igbó ló wà fún ààbò ilé àti ọ̀nà, òfin sì ti wà fún igbó orí òkè láti 1876, lẹ́yìn tí àgbàrá ńlá ti ṣọṣẹ́ ní 1868. Igi kì í jẹ́ kí yìnyín lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè já bọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti já láti òkè ibi tí igi wà, igbó ò lè dá a dúró, nítorí náà wọ́n tún ń fi irin ṣe ọgbà síbẹ̀. Ní Huamantanga ní Peru, àwọn ará ibẹ̀ ń darí omi òjò gba inú kòtò gbọọrọ tí àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ kí àwọn Inca tó dé, kó lè wọ inú ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i pé ní ìpíndọ́gba ọjọ́ 45 ni omi náà fi ń lo àkókò lábẹ́ ilẹ̀ kó tó yọ nísàlẹ̀, nígbà tí ẹ̀rùn ti dé.

Ní Sikkim, ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2008 láti jí àwọn ìsun omi tó ń gbẹ dìde. Onímọ̀ nípa òkúta ni yóò kọ́kọ́ wá ibi tí òjò ti ń wọlé sínú ilẹ̀, wọ́n á wá gbẹ́ kòtò síbẹ̀ kí omi lè dúró kó sì rì. Ibi tí mo tẹ ẹnu mọ́ ni pé bí òkúta ṣe tẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ló ń pinnu ọ̀nà omi. Ìsun tí abúlé kan ń mu lè máa gba omi rẹ̀ láti orí ilẹ̀ abúlé mìíràn, nígbà míì ní ìhà kejì òkè. Kí ọwọ́ tó kan ṣọ́bìrì, abúlé méjèèjì gbọ́dọ̀ ti jókòó sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tí mo kọ gbogbo rẹ̀ tán, mo yẹ òǹkà kọ̀ọ̀kan wò nínú ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo yọ èyí tí ìwé kan ṣoṣo sọ, mo sì gé ọ̀rọ̀ ìyìn tí àwọn àjọ fi ń sọ nípa ara wọn kúrò. Ìwé náà kúrú gan-an lẹ́yìn ìyẹn, ó sì dára sí i.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ náà kà á, ìbéèrè tí wọ́n béèrè jù lọ ni ti owó: ta ni yóò san án fún ará òkè tó ń tọ́jú koríko kí ará ìlú lè rí omi mu? Mo fi Quito, olú ìlú Ecuador, kún un nítorí èyí. Lọ́dún 2000 ni wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FONAG. Iléeṣẹ́ omi ìlú náà ń fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sínú rẹ̀, owó náà sì ń lọ sórí páramo àti sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ìlú kan ni Quito, inú orílẹ̀-èdè kan ló sì wà, nítorí náà wọ́n wá bi mí bóyá irú àpò bẹ́ẹ̀ lè wà láàárín orílẹ̀-èdè àti orílẹ̀-èdè. Orí ìyẹn ni mo wà báyìí. Àpẹẹrẹ tí mo sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ni òkè Virunga, níbi tí Congo, Rwanda àti Uganda ti jọ ń ka gọ̀rílà tó ń sọdá ẹnubodè wọn.