Ṣé antivirus ló ń parọ́, àbí fáìlì yẹn gan-an?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti wọ̀ lẹ́wù. Ẹnìkan dáńlóòdù sọ́fítíwia olówó tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní crack. Antivirus figbe ta. Ẹlòmíràn ní kó pa antivirus ọ̀hún jàre, irọ́ ló ń pa, òun ti ń lo crack yẹn láti ọdún mẹ́ta, kò sóhun tó ṣe òun. Ẹnìkẹta ní kọ̀ǹpútà onítọ̀hún ti di ti olè. Wọ́n lè fà á títí ilẹ̀ á fi mọ́, torí kò sí ẹni tó yẹ fáìlì náà wò nínú wọn. Yíyẹ̀ ẹ́ wò kò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ẹ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ hàn délẹ̀

Windows máa ń fi ìrù orúkọ fáìlì pamọ́. Èyí tó ń jẹ́ "iwe.pdf.exe" á hàn bí "iwe.pdf", wọ́n á sì ti lẹ àwòrán PDF mọ́ ọn kó lè jọ ọ́. Nínú File Explorer ti Windows 11, ẹ tẹ "View", lẹ́yìn náà "Show", kí ẹ wá mú "File name extensions". Ní Windows 10, inú "View" náà ló wà. Ohunkóhun tó bá parí sí .exe, .msi, .scr tàbí .bat, iṣẹ́ ló fẹ́ ṣe nínú ẹ̀rọ yín. Fíìmù kì í parí sí .scr láéláé.

Àmì ìka fáìlì

Fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní àmì ìka tirẹ̀, òun là ń pè ní hash. Kọ̀ǹpútà á ka fáìlì náà látòkè délẹ̀, á ṣe ìṣirò, á sì yọ ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà kan jáde. Kí bit kan ṣoṣo (ẹyọ tó kéré jù lọ nínú fáìlì) yí padà nínú fáìlì ńlá, ọ̀wọ́ náà á yàtọ̀ pátápátá. Ti SHA-256 máa ń jẹ́ 64 ní gígùn, ti SHA-1 40, ti MD5 32. SHA-256 ni kí ẹ gbára lé. Láti 2004 ni wọ́n ti fi hàn pé fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ní MD5 kan náà, ó sì kan SHA-1 ní 2017.

Lórí Windows, ẹ ṣí PowerShell, ojú ewé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, nínú fódà tí fáìlì wà, kí ẹ tẹ èyí:

Get-FileHash setup.exe

Lórí Mac, àṣẹ rẹ̀ ni shasum -a 256 setup.dmg. Lórí Linux, sha256sum setup.iso. Ẹ wá fi èsì wé èyí tí àwọn tó ṣe sọ́fítíwia náà kọ sí sáìtì wọn. Lẹ́tà ńlá tàbí kékeré kò ṣe nǹkan kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn wo mẹ́rin àkọ́kọ́ àti mẹ́rin ìkẹyìn, kó ní ó ti bára mu. Lẹ́tà mẹ́jọ kéré: ẹni tó bá fẹ́ ẹ lójú méjèèjì lè máa dán fáìlì tirẹ̀ wò títí mẹ́jọ yẹn á fi bọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fi wọ́n wéra fúnra rẹ̀:

(Get-FileHash setup.exe).Hash -eq "ẹ lẹ hash tiwọn síbí"

"True" ló yẹ kó jáde. Bó bá jẹ́ "False", ẹ má tíì pariwo olè. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀dà kan náà lẹ fi ń wéra, nítorí hash ti ẹ̀dà tàná kò lè bá tòní mu, kí ẹ sì wo bóyá fáìlì náà pé. Ẹ tún un dáńlóòdù. Dáńlóòdù tó já láàárín ọ̀nà kì í sábà já sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá rí hash àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀ gan-an lẹ gbà yẹn, ẹ pa á rẹ́.

Ìbéèrè tó kù ni pé níbo lẹ ti rí hash tí ẹ fi wé e? Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì 2016, àwọn olè wọ sáìtì Linux Mint, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, wọ́n sì yí línkì Linux Mint 17.3 Cinnamon padà sí ISO (fáìlì tí a fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ) tí wọ́n ti dá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí. Ẹni tó lè yí línkì padà lè yí hash ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà padà. Ìdí nìyí tí àwọn onílinux fi ń fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tiwọn buwọ́ lu ìwé hash wọn, tí a sì ń fi sọ́fítíwia gpg yẹ ìbuwọ́lù náà wò:

gpg --verify sha256sum.txt.gpg sha256sum.txt

"Good signature" lẹ ń wá. Ó lè kìlọ̀ sí i pé "This key is not certified with a trusted signature", ọ̀pọ̀ èèyàn á sì sá níbẹ̀. Kò burú: ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀yin fúnra yín kò tíì jẹ́rìí sí kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹ wá nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́ yẹn ní ibòmíràn yàtọ̀ sí sáìtì ọ̀hún, kí ẹ fi wéra. "BAD signature" ló yẹ kó lé yín.

Òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́

Fáìlì Windows máa ń ní òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe é. Ẹ lo Get-AuthenticodeSignature setup.exe, kí ẹ wo "Status". "Valid" túmọ̀ sí pé òǹtẹ̀ náà pé. "NotSigned" túmọ̀ sí pé kò ní òǹtẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ kéékèèké ló rí bẹ́ẹ̀ torí owó ni wọ́n fi ń ra ìwé òǹtẹ̀. "HashMismatch" ni kí ẹ dúró lé lórí. Ó ń sọ pé ilé-iṣẹ́ ti lu òǹtẹ̀, inú fáìlì náà sì ti yí padà lẹ́yìn ìyẹn.

Àwọn tó ń gbèjà crack á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, àgádágodo ló já, kí lo fẹ́ kó ṣe?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ òǹtẹ̀ tó já kò lè sọ bóyá ìlà kan péré ni wọ́n yí padà tàbí ẹgbẹ̀rún kan. Ibi tí àríyànjiyàn náà dé sí gan-an nìyẹn.

Òǹtẹ̀ tó pé náà kì í ṣe ìwé ìwà rere. Ní oṣù Kẹjọ 2017, CCleaner 5.33, sọ́fítíwia tí a fi ń nu ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà, jáde pẹ̀lú òǹtẹ̀ tó pé pérépéré, fáírọ́ọ̀sì sì wà nínú rẹ̀, torí àwọn olè ti wọlé kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀.

Bí a ṣe ń ka èsì VirusTotal

VirusTotal jẹ́ sáìtì kan, nǹkan bí antivirus 70 ló ń yẹ fáìlì wò níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi hash wá a. Ẹ má gbé ìwé àṣírí yín síbẹ̀ o, nítorí àwọn mìíràn lè rí i gbà.

Ẹ má ka iye nìkan, ẹ ka orúkọ. Méjì nínú 70 tó ní "Heur" tàbí "Gen" nínú lè jẹ́ àfura lásán. "HackTool", "Keygen" tàbí "RiskWare" ń sọ irú ohun tó jẹ́, níbẹ̀ sì làwọn olùgbèjà crack ti ní àwíjàre díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ogún bá pè é ní "Lumma", "Vidar" tàbí "RedLine", olè password ni, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Lábẹ́ "Details", ẹ wo "First Submission": crack tí wọ́n ní ó ti pé ọdún mẹ́ta, tó jẹ́ pé àná ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un dì ni. Òdo nínú 70 kò sì wẹ̀ ẹ́ mọ́, ó lè jẹ́ pé ó ṣì tuntun jù.

Ọgbọ́n méjì ni wọ́n ń dá kí àyẹ̀wò má baà rí wọn. Àkọ́kọ́ ni zip tó ní password bí "1234", kí antivirus má lè rí inú rẹ̀. Èkejì ni kí wọ́n fi òdo lásán kún fáìlì kó lè ju mẹ́gábáìtì 650 tí VirusTotal ń gbà lọ. Ẹ dì í sí zip fúnra yín: bí mẹ́gábáìtì 700 bá di 5, ìyókù kì í ṣe sọ́fítíwia, afẹ́fẹ́ ni. Sọ́fítíwia tòótọ́ ti wà ní dídì tẹ́lẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì.

Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?

Ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn tó mọ́, kí ẹ yí password padà, ti ímeèlì ni kó ṣáájú, kí ẹ sì tẹ "sign out of all devices" níbi gbogbo tó bá wà. Ẹ má fo ìyẹn. Cookie inú bíráwúsà, ìyẹn àmì tó ń sọ fún sáìtì pé ẹ ti wọlé, ni àwọn olè yìí ń kó, òun ni wọ́n sì fi ń wọlé láìsí password, láìsí kóòdù tó ń wá sórí fóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ nu dísíkì, kí ẹ tún Windows gbé sí i látìbẹ̀rẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé antivirus pé ó ti pa á. Orí ẹ̀rọ tó mọ́ yẹn ni kí ẹ ti dáńlóòdù ISO tí ẹ máa lò, kí ẹ sì wo hash tirẹ̀ náà.