Bí mo ṣe yan orin ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àbúrò mi, àti owó tí mo kọ́kọ́ fi ṣòfò

Pọ́ùn 38 ni mo fi ṣòfò kí n tó mọ bí a ṣe ń yan orin ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí títí di òní. Àbúrò mi obìnrin ni ó wá láti Ìbàdàn láti kàwé ní Sheffield, tí ó bi mí léèrè bóyá àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní orin àwọn baba ńlá wọn. Inú mi dùn gan-an, nítorí pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ àwọn orin yìí. Ṣùgbọ́n dípò kí n fara balẹ̀ yàn wọ́n fúnra mi, mo lọ ra àkójọ síìdì mẹ́fà kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé orin ìbílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Orin Áyálándì àti ti Skọ́tíláǹdì ni ó lé ní ìdajì ohun tí mo bá nínú rẹ̀. Orin wọn dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ọmọ náà béèrè. Èyí tí ó bí mi nínú jù ni pé wọn kò kọ orúkọ akọrin kankan, wọn kò kọ ìlú, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò kọ ọdún. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń jókòó ní alaalẹ́, tí mò ń kọ ìlà àkọ́kọ́ orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, tí mo sì ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú àkójọ Vaughan Williams Memorial Library, ilé-ìkàwé orin ìbílẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Steve Roud, onímọ̀ orin ìbílẹ̀, ti fún orin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí orin tí wọ́n ń fi orúkọ mẹ́ta pè ní abúlé mẹ́ta má baà dà bí orin mẹ́ta. Nọ́ńbà yẹn ràn mí lọ́wọ́ láti mọ orin, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tí ń kọ ọ́ nínú síìdì tèmi. Nígbà tí mo dá a padà, ẹni tí ó tà á fún mi ní òun kò gbà á, pé mo ti tú ọ̀rá ara rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, àbúrò mi ń pè mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, orin tí ẹ ṣèlérí dà?”

Ìgbà náà ni mo pa àkójọ náà tì, tí mo mú nínú àwo tèmi. Mo tún kọ́kọ́ ṣì í. Mo fi Joseph Taylor ṣáájú, àgbàlagbà ará Lincolnshire tí Percy Grainger, olórin tí ń kó orin ìbílẹ̀ jọ, gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní 1906, tí ilé-iṣẹ́ Gramophone sì gbé àwo rẹ̀ jáde ní 1908. Ariwo àwo àtijọ́ yẹn ni àbúrò mi gbọ́, kò gbọ́ orin, ó sì pa á.

Mo yí ètò náà padà. Ìdílé Copper ni mo fi ṣáájú, àwọn àgbẹ̀ Rottingdean nítòsí Brighton, tí ohùn méjì wọn máa ń so pọ̀ láìsí ohun èlò kankan. Àwo Frost and Fire tẹ̀ lé e, èyí tí àwọn olórin ìdílé Waterson ará Hull ṣe ní 1965, tí orin inú rẹ̀ ń tẹ̀ lé àsìkò ọdún. Lẹ́yìn náà ni àwo Liege & Lief ti ẹgbẹ́ olórin Fairport Convention, 1969, pẹ̀lú gìtá oníná àti ìlù; ìtàn ìyàwó olówó àti àlè rẹ̀ nínú “Matty Groves” ni ó mú un jókòó títí orin náà fi parí.

Ìkẹyìn ni mo tó dá Taylor padà, pẹ̀lú “Brigg Fair”. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó gbọ́ ọ. Ó ní bí bàbá náà ṣe ń yí ohùn ní ìparí ìlà rán òun létí ọdẹ tí ń sun ìjálá. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Bí mo bá tún ra àwo, ẹ̀yìn rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ kà. Èyí tí kò bá ní orúkọ akọrin, ibi tí ó ti wá àti ọdún, n kò ní sanwó rẹ̀. Àwo Topic Records, ilé-iṣẹ́ tí ń gbé àwo orin ìbílẹ̀ jáde, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ni mo kọ́kọ́ ń wò báyìí. Ní Sátidé tó kọjá, àbúrò mi ní òun fẹ́ olórin mìíràn tí kò lo ohun èlò, mo sì fi Harry Cox ránṣẹ́ sí i, alágbàṣe oko ní Norfolk, tí ó kú ní 1971.