Bí a Ṣe Ń Fi Èèpo Ẹ̀gẹ́ àti Koríko Ojú Omi Ṣe Gáàsì Ìdáná ní Àgbádárìgì

Ní ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí koríko olódòdó àlùkò tó ń léfòó lórí ọ̀sà Àgbádárìgì, tó gba ìhà Àjàṣẹ́ wọlé, tó sì ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ àwọn apẹja títí dòní. Koríko yìí, pẹ̀lú èèpo ẹ̀gẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ gàrí ń dà sẹ́yìn ilé, lè di gáàsì ìdáná bí wọ́n bá jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀.

Ẹ wá tánkì omi dúdú onílítà 1,000, kí ẹ sì gbé e síbi tí oòrùn ń pa, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe gáàsì fẹ́ràn ìwọ̀n ooru 30 sí 38 ti Celsius. Páìpù mẹ́ta ni púlọ́ńbà yóò fi sí i: èyí tí oúnjẹ tánkì, ìyẹn àpòpọ̀ koríko, èèpo àti ìgbẹ́, ń gbà wọlé, tó gùn dé nǹkan bí ìsàlẹ̀ tánkì, èyí tí àjẹkù ń gbà jáde ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ti inú gbọ́dọ̀ rì sómi kí gáàsì má bàa bá a jáde, àti páìpù tín-ín-rín ti gáàsì lókè. Ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé wọn. Ibi tó bá ń hó ń jò.

Ìgbẹ́ màlúù tútù àti omi ní ìwọ̀n kan náà ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, títí tánkì yóò fi kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Kíkó o láti odò ẹran kì í ṣe iṣẹ́ tó wuni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni àwọn kòkòrò náà ti ń wá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, gáàsì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ti àkọ́kọ́ kì í jó, nítorí náà ẹ tú u dànù ní gbangba, níbi tó jìnnà sí iná.

Oúnjẹ ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ gé gbòǹgbò koríko náà sọnù nítorí iyanrìn, kí ẹ gún igi rẹ̀ lódó, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó rì. Ẹ pò ó mọ́ èèpo ẹ̀gẹ́ gígé wẹ́wẹ́ àti ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìẹ. Garawa onílítà 10 kan, pẹ̀lú omi garawa kan, tó fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe kọjá ìdajì rẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ nìkan yóò mú kí inú tánkì di kíkan, gáàsì yóò sì dín kù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ sì da omi eérú díẹ̀ sí i.

Kí gáàsì tó dé tííbù táyà tí yóò gbà á sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó gba inú ike tí irin wẹ́wẹ́ tó ti dípẹtà wà, èyí tó ń mú òórùn ẹyin jíjẹrà kúrò. Ẹ fẹ ihò ẹnu sítóòfù lójú díẹ̀, torí gáàsì yìí kò le bíi ti inú sílíńdà. Iná rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ búlúù. Ẹ má ṣe tan iná tàbí mu sìgá nítòsí tánkì.

Àjẹkù tó ń ṣàn jáde jẹ́ ajílẹ̀ tó dára fún ẹ̀fọ́ àti àgbàdo. Tánkì yìí kò lè gbọ́ gbogbo ìdáná ilé, nítorí ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún a máa lo gáàsì tó tó mítà kúbíìkì 1 sí 2 lójúmọ́. Yóò se oúnjẹ kan, ẹni tó bá sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ yóò so tánkì méjì tàbí mẹ́ta pọ̀.