Gìtá Tuntun Tó Dé Pẹ̀lú Àpá: Bí Mo Ṣe Pinnu Láti Dá A Padà

Gìtá oníná kan tí wọ́n tà ní tuntun ni mo gbà, àpá sì wà lára rẹ̀. Àpá nìkan kò tó ẹjọ́, torí gìtá tuntun kì í fi bẹ́ẹ̀ dé láìní àléébù kékeré kan. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tí àpá náà ti wá: ṣé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni, ṣé ojú ọ̀nà ni, àbí ọwọ́ ẹnì kan tó ti fi ṣeré dáadáa kó tó kàn mí.

Fọ́tò ni mo kọ́kọ́ yà: ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà páálí, igun tó wọnú, ibi tí téèpù ti já. Lẹ́yìn náà mo gbé e sínú yàrá láìṣí i títí di ọjọ́ kejì. Ìwọ̀n tí igi fi ń fẹ̀ tó sì fi ń súnkì yàtọ̀ sí ti fáníìṣì, torí náà gìtá tó tutù nini tí a ṣí sínú ooru lójijì lè sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lójú, pàápàá èyí tí wọ́n fi nitrocellulose kùn, irú fáníìṣì kan tó máa ń tètè sán. Ẹni tó bá kánjú lè fọwọ́ ara rẹ̀ dá àpá mìíràn kún èyí tó ń wá. Nígbà tí mo wá ṣí i, fóònù ń ya fídíò láti ìgbà tí ọ̀bẹ ti kan téèpù títí gìtá fi jáde.

Látìgbà yẹn, mi ò ṣe ohunkóhun tí mi ò lè tú padà. Mi ò ṣí náílọ́ọ̀nù tó bo ike iwájú gìtá, mi ò já káàdì tó so mọ́ orí rẹ̀, mi ò pààrọ̀ okùn, mi ò yí ọ̀pá irin inú ọrùn, mi ò sì forúkọ sílẹ̀ fún gáráǹtì. Pàápàá jù lọ, mi ò nù ún. Ìdọ̀tí ìka ọwọ́ jẹ́ ẹ̀rí, aṣọ ìnuǹkan kan ṣoṣo sì ti tó láti pa á rẹ́.

Mo pa iná yàrá, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo sì mú un ní ìdábùú kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rá kọjá lójú igi dípò kó dojú kọ ọ́. Àpá tí iná òrùlé bò mọ́lẹ̀ máa ń yọ báyìí. Àwọn ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó yí po kárí gbogbo ara gìtá, ẹ̀rọ ìdángbinrin ilé iṣẹ́ ló fà wọ́n. Mo fojú fo ìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gìtá, níbi tí irin bẹ́líìtì máa ń kàn, ìlà mẹ́rin wà tí kò bá ìyókù lọ. Náílọ́ọ̀nù tó bo ike iwájú ṣì wà, àmọ́ etí rẹ̀ ti ká, eruku sì ti wọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti fi gìtá náà kọ́ sórí ògiri níbì kan. Ìyẹn nìkan ì bá má dùn mí.

Okùn ti dúdú díẹ̀. Ẹ̀rí tí kò lágbára nìyẹn, torí okùn lè dípẹtà nínú páálí tí a kò ṣí rí. Ẹ̀rí tó dáa jù wà lábẹ́ okùn: mo fi èékánná rá abẹ́ àwọn okùn nínípọn tí wọ́n wé irin mọ́, mo sì rí i pé wọ́n ti di pẹlẹbẹ níbi tí wọ́n ti ń kan fúrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá. Ìka ló ń tẹ okùn débẹ̀.

Ọrùn gìtá yìí jẹ́ irú èyí tí wọn kì í mú dán láti ilé iṣẹ́, irú ọrùn bẹ́ẹ̀ kì í sì í purọ́. Àtàǹpàkò àti ọ̀rá ọwọ́ á máa pọ́n ọn títí yóò fi dán. Láti ẹ̀yìn fúrẹ́ẹ̀tì 1 dé 5 ń kọ mọ̀nà, ìyókù ò dán rárá. Ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, fúrẹ́ẹ̀tì ló dá ẹjọ́ náà. Àdàlù bàbà, síǹkì àti níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, ó sì rọ̀ ju okùn irin lọ, torí náà okùn ló ń jẹ ẹ́. Mo dẹ okùn mẹ́ta tó tín-ín-rín jù, mo rọra tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì wo orí fúrẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kòtò kéékèèké wà lábẹ́ okùn 2 àti 3 (láti orí èyí tó tín-ín-rín jù ni a ti ń kà wọ́n), ní fúrẹ́ẹ̀tì 1, 2 àti 3.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹjọ́ dá. Kì í ṣe gbogbo kòtò ló wá láti inú ìlò. Tí nǹkan bá tẹ okùn mọ́ ọrùn nínú páálí, òun náà lè fi àmì sílẹ̀. Àmọ́ àmì yẹn kì í fẹ̀ ju okùn fúnra rẹ̀ lọ, ó sì lè wà ní fúrẹ́ẹ̀tì 10 tàbí 15 bó ṣe wà ní 2, torí páálí ò mọ kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlò máa ń kóra jọ síbi tí àwọn kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ wà, kòtò rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ ju okùn lọ nítorí pé ìka ń fa okùn sókè sódò. Èyí tó wà níwájú mi fẹ̀ ju okùn lọ, kò sì sí ìkankan lẹ́yìn fúrẹ́ẹ̀tì 5.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà níbi tí ọrùn ti wọ inú ara. Ó máa ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n lára gìtá tí wọ́n fi síkúrù de ọrùn rẹ̀, fáníìṣì nìkan ló sábà máa ń sán níbẹ̀. Mo fi èékánná gbá a kọjá, mo rọra tẹ ọrùn, kò la ẹnu. Ká ní ẹ̀yìn ọrùn ni, lábẹ́ orí gìtá, ǹ bá ti dì í padà lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni gìtá tí orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn ti ń ṣẹ́.

Mo wá yí okùn dé E A D G B E, ohùn tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sábà máa ń wà, láti orí èyí tó nípọn jù. Láti mọ bí ọrùn ṣe tẹ̀ sí, mo tẹ okùn 6 ní fúrẹ́ẹ̀tì 1 àti níbi tí ọrùn ti pàdé ara, àlàfo tó wà lórí fúrẹ́ẹ̀tì 8 sì jẹ́ nǹkan bí 0.25 mílímítà. Ní fúrẹ́ẹ̀tì 12, okùn 1 ga ní 1.7, okùn 6 ní 2. Kò sí wàhálà níbẹ̀, ká tiẹ̀ ní ó wà, ìtúnṣe lásán ni. Nígbà tí mo lù ú ní fúrẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì, okùn 3 ń dún ṣán-ṣán ní fúrẹ́ẹ̀tì 2, torí kòtò ti mú un wálẹ̀ débi pé ó ń fara kan fúrẹ́ẹ̀tì 3. Bí mo bá yí bọ́tìnnì ohùn, ariwo díẹ̀ ń bá a jáde. Eruku lè ṣe ìyẹn, mi ò kà á sí ẹ̀sùn.

(Àwọn gìtá kan wà tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń há lára kí wọ́n lè rí bí àgbà. Ẹ fi tiyín wé àwòrán irú rẹ̀ kí ẹ tó bínú.)

Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀: kí n gbà á kí wọ́n dín owó, kí n gba pààrọ̀, tàbí kí n dá a padà. Ká ní àpá ẹ̀yìn àti náílọ́ọ̀nù nìkan ni, kí wọ́n dín owó ni ǹ bá bèèrè. Ti fúrẹ́ẹ̀tì yàtọ̀. Láti mú kòtò kúrò, wọ́n ní láti rẹ́ gbogbo fúrẹ́ẹ̀tì wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kòtò tó jìn jù, fúrẹ́ẹ̀tì tuntun kò sì sábà ga ju 1 sí 1.4 mílímítà lọ. Kòtò 0.15 á jẹ 0.15 lára gbogbo wọn, ìgbà mélòó kan péré sì ni irin lè fara gba irú ìtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ti ná ọ̀kan nínú wọn lórí owó mi. Gáráǹtì kì í sì í sábà bo fúrẹ́ẹ̀tì tó jẹ. Pààrọ̀ ì bá wù mí, ṣùgbọ́n òǹtajà ò lè sọ bóyá nínú páálí tí a kò ṣí rí ni èyí tó kù yóò ti wá.

Mo kọ ìlà mẹ́rin sí òǹtajà: ohun tí mo rà, ohun tí mo rí, fọ́tò márùn-ún, ohun tí mo fẹ́. Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ẹni tó di páálí lè má mọ̀.

Fún ìdàpadà, mo dẹ okùn ní ìyí kan tàbí méjì, mi ò dẹ̀ ẹ́ tán. Mo fi fóòmù sábẹ́ ọrùn àti yí orí gìtá ká kí orí má baà rọ̀ lófuurufú, mo fi bébà tí mo rún dí gbogbo àyè tó ṣófo, mo sì mi páálí: kò dún. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀yìn orí gìtá ni mo yà ní fọ́tò kẹ́yìn, pẹ̀lú páálí tó ṣì ṣí lábẹ́ rẹ̀, kó lè hàn pé gìtá tí wọ́n fi ránṣẹ́ gan-an ni mo dì padà.