Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́: àṣìṣe tí mo ń rí ní Àjàṣẹ́

Ọmọ àdúgbò wa kan wọlé tọ̀ mí wá lọ́sàn-án Sátidé kan, ó na fóònù sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, mo ti wọ Harvard!" Mo ní kó jẹ́ kí n rí ìyókù. Harvard, Stanford, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Íńdíà, òmíràn ní Faransé: ẹ̀kọ́ mọ́kànlá ló ti forúkọ sílẹ̀ fún láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bi í pé èwo ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó họrí.

N kò bú u, torí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bọ́tìnì ìforúkọsílẹ̀ dùn ún tẹ̀; ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ á rò pé òun ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá, ibi kan náà ni wọ́n sì ń ti kọsẹ̀.

"Gratuit ni, ẹ̀gbọ́n"

Ọ̀fẹ́ ju ọ̀fẹ́ lọ, ibẹ̀ gan-an lowó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ní 2001 ni MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, kéde OpenCourseWare, ojú ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀: kò sí ìforúkọsílẹ̀ níbẹ̀, kò sí olùkọ́ tó ń retí yín, kò sì sí ìwé ẹ̀rí. Ẹ wọlé, ẹ kó fídíò àti ìwé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́, ẹ máa lọ. edX, ojú ìwé ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Harvard àti MIT dá sílẹ̀ ní 2012, yàtọ̀: wíwò lọ́fẹ̀ẹ́ wà, àmọ́ ìwé ẹ̀rí tó ní òǹtẹ̀ ń gba owó.

Coursera, òmíràn nínú irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀, ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ọdún 2012 kan náà ni àwọn olùkọ́ Stanford méjì, Andrew Ng àti Daphne Koller, dá a sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ "ọjọ́ 7 lọ́fẹ̀ẹ́", nọ́ńbà káàdì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè. Bí ẹ bá gbàgbé láti fagi lé e, owó á jáde lẹ́yìn náà láìjẹ́ pé wọ́n tún pè yín. Ẹni tí kò bá lówó lè kọ̀wé béèrè ìrànwọ́ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ wọn: á ṣàlàyé ipò rẹ̀, á sì dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí wọ́n ti sanwó tán ló máa ń wá gbọ́ èyí lẹ́nu mi.

University of the People, yunifásítì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà ń sọ pé wọn kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n ń gba owó ìdánwò lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àti owó ìwé ìbéèrè. Wọn kò fi pamọ́. Àwa la kì í ka ìsàlẹ̀ ìwé.

Èyí tó dùn mí jù ni ti CS50, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tí David Malan ń kọ́ ní Harvard. Bí ẹ bá gba ojú ìwé Harvard fúnra rẹ̀ wọlé, tí ẹ sì ṣe iṣẹ́ gbogbo tí ẹ gba ó kéré tán ìdá 70 nínú 100, wọ́n á fún yín ní ìwé ẹ̀rí láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí náà ló wà lórí edX, níbi tí ìwé ẹ̀rí ti wọn ń gba owó. Mo mọ ẹni tó sanwó, tó rò pé bí òun kò bá san án wọn kò ní jẹ́ kí òun wọlé.

Èdè

Láti CI (kíláàsì àkọ́kọ́) títí dé BAC (ìdánwò àṣejáde), Faransé la fi kàwé. Nílé, Yorùbá tàbí Ègùn là ń sọ. Kí ló wá dé tí ẹ fi máa mú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, torí pé orúkọ Amẹ́ríkà ń dán? FUN, ojú ìwé ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ilẹ̀ Faransé, ti wà láti 2013, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, àwọn onímọ̀ Inria, ilé ìwádìí kọ̀ǹpútà ti ilẹ̀ Faransé, sì gbé ẹ̀kọ́ Python 3, èdè kan tí a fi ń kọ kóòdù fún kọ̀ǹpútà, kalẹ̀ sórí rẹ̀. Ẹ kàn wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i àti ọjọ́ tí wọ́n ń tì í. Síbẹ̀, ẹ má sá fún Gẹ̀ẹ́sì pátápátá: *if*, *while* àti *return* kò ní Faransé nínú Python.

Fífò orí àtẹ̀gùn

Ẹni tí kò kọ ìlà kóòdù kan rí á ní machine learning (kíkọ́ kọ̀ǹpútà láti máa kẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀) lòun fẹ́. Ìṣirò ibẹ̀ á lé e jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta. CS50 ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Scratch tí ọmọdé lè ṣe, kó tó kan èdè kóòdù C, àní C yẹn sì ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn sá. Bí C bá le jù, ẹ lọ sí Yunifásítì Helsinki: apá 14 ni ẹ̀kọ́ Python wọn, ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ ló sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Èmi fúnra mi, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rán ènìyàn.

Fídíò lásán

Ẹni tó ń wo fídíò lórí fóònù ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, tí mégà rẹ̀ ń jó bí epo, tí kò sì tẹ kóòdù kankan, sinimá ló ń wò. Ẹ bẹ ẹni tó ní kọnẹksíọ̀n tó dára kó bá yín kó ti MIT àti CS50 sínú kọ́kọ́rọ́ USB. Iṣẹ́ ṣíṣe ni kí ẹ fi mégà yín ṣe, lórí kọ̀ǹpútà, kódà bó jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ẹ má sì da ìdáhùn ChatGPT sínú iṣẹ́ CS50. Òfin wọn kò gbà á. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń pè ní pẹ́pẹ́yẹ, tí wọ́n fúnra wọn ṣe fún ìrànwọ́, tí í máa darí ènìyàn láìsọ ìdáhùn.

Orúkọ ńkọ́? Ẹ fi èyí tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ yín forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe ti Facebook. Ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wọ̀nyí kì í sì í ṣe líìsáǹsì yunifásítì, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín.

Ọmọ àdúgbò wa yẹn ti pa mẹ́wàá rẹ́ nínú mọ́kànlá rẹ̀. Ọ̀kan ló kù, CS50. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi tó ti gbó, ó ń bá pẹ́pẹ́yẹ jiyàn lórí àmì *;* kan tó gbàgbé.